Òwú Inú Ògiri

Nígbà tí oòrùn ọ̀sán di apànìyàn ní Ṣakí, tí àgbàlagbà kankan kò tó yọjú síta mọ́ lẹ́yìn agogo mọ́kànlá, òwú alààyè ni gbogbo ìlú gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn onímọ̀ ló mú un hù nínú ìgò. Wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sára ògiri àtijọ́, wọ́n á fi rọ́bà gígùn fẹ́ òwú náà sí àlàfo àárín rẹ̀, yóò sì wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Tí ọ̀sán bá pọ́n, yóò dí etí ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa títí di ìrọ̀lẹ́, kí ooru má baà wọlé. Afẹ́fẹ́ tí yóò máa fà wọlé kò ní ju ti iye ènìyàn tí wọ́n bá kọ sínú ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ lọ.

Ìbídàpọ̀, ọ̀gá àwọn tó ń fẹ́ òwú, ló lọ sílé Bàbá Ọ̀jẹ́lékè.

“Bàbá, ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbé ibí?”

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

“Ẹ̀rọ ló ń bèèrè, sà.”

“Ṣé ẹ̀rọ ló bá mi bí wọn ni?”

Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìbídàpọ̀ ò bá a jiyàn mọ́, ó ka bàtà ẹnu ọ̀nà, ó rí bàtà ènìyàn méje, ó sì kọ méje. Ọmọ ìlú ni, ó yẹ kó mọ̀ pé ọmọdé kì í wọ bàtà nínú agbo ilé.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá gbé iṣu wá dúpẹ́ níléeṣẹ́ Ìbídàpọ̀, pé ilé òun ti tutù. Ọ̀sán ti pọ́n, orí ìjókòó ló ṣì wà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Mosúnmọ́lá ni, ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Ẹ gbà wá o! Àwọn ọmọ sùn, mi ò rí wọn jí! Ilẹ̀kùn ò ṣí!”

Ohùn rẹ̀ sì dákẹ́.

Wọ́n fi ọkọ̀ tútù tí wọ́n fi ń rìn lọ́sàn-án sáré débẹ̀. Ìbídàpọ̀ fi òòlù fọ́ ògiri, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n ń gbé ènìyàn jáde bí ẹni ń kó ẹrù. Ṣùgbọ́n òwú náà kì í gba ọgbẹ́. Ó tún ti ń wú, ihò náà ń kéré sí i.

“Bàbá, mélòó ló kù nínú?”

“Mi ò lè kà wọ́n! Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má jẹ́ kí n kà wọ́n!”

“Ẹ pè wọ́n lórúkọ, nígbà náà!”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. “Oyèníkẹ̀ẹ́!” Ó ti wà nínú ọkọ̀. “Àlàní!” Òun náà wà níbẹ̀. Ó pè wọ́n títí ó fi kan Mosúnmọ́lá, tí ọkùnrin méjì gbé jáde láìmọ ara rẹ̀.

“Wọ́n ti pé,” ni Bàbá wí, ó ń sunkún ayọ̀. “Gbogbo wọn ti pé!”

Ìbídàpọ̀ pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde. Òwú náà dí ihò náà pa.

Nínú ọkọ̀, Mosúnmọ́lá lajú. Ó fọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi dà?”

Bàbá káwọ́ lérí. Ọmọ ọjọ́ márùn-ún ni. Ọjọ́ kẹjọ ni wọn ì bá sọ ọ́ lórúkọ.

Ìbídàpọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀. Ó lu ògiri náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ó ń ké, ó ń lù ú. Inú ilé tutù minimini nígbà tó wọlé. Ó bá ọmọ náà lórí ẹní ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n fi aṣọ wé e dáadáa. Ó fi etí lé àyà rẹ̀.

Kò gbọ́ nǹkan kan.