Ọkàn Léèsì Tó Tú

Òrùka náà kọ̀, kò fà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún un fà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi eyín di òwú náà mú, ó fà á títí ó fi já mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí àga gígùn tó wà lábẹ́ fèrèsé, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ ń fa òrùka tirẹ̀ pọ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń so okùn bàtà. Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́.

"Dẹ ọwọ́ òsì," ni ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí láti ìdí maṣíìnì. "Kí tọ̀tún le, kí tòsì dẹ̀. Ṣé mi ò ti sọ fún ọ? Wo àbúrò rẹ."

Inú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Tí wọ́n bá ń fọ abọ́, wo àbúrò rẹ. Tí wọ́n bá ń kàwé, wo àbúrò rẹ. Ó ti wo àbúrò yìí títí ojú fi ń ro ó.

Iṣẹ́ ilé náà ni pé ìyá rẹ̀ máa ń rán nǹkan kéékèèké nínú pálọ̀ wọn: ìrọ̀rí ọmọ ọwọ́, àpò tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí, aṣọ ìnujú. Ohun tó mú kí àwọn ènìyàn máa wá a kiri ni léèsì tó ń fi ọwọ́ lásán ṣe sí wọn lára. Kò lo maṣíìnì sí èyí rárá. Ike pẹlẹbẹ kékeré kan ló ń lò, tó ṣe ṣóńṣó lórí méjèèjì, tí òwú wà ní kíká sínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é á fi òwú kọ́ ìka ọwọ́ òsì, á máa ti ike náà bọ ìsàlẹ̀, á tún tì í bọ òkè, kókó á máa jókòó ti kókó, títí á fi fa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di òrùka. Òrùka mọ́ òrùka ló ń di ọkàn, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń yà sẹ́yìn ìwé nígbà tí ìfẹ́ bá ń dà wọ́n láàmú. Igun ìrọ̀rí ni wọ́n máa ń rán ọkàn léèsì náà mọ́.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ni ìyá rẹ̀ ń kọ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ibi tí orúkọ ìnagijẹ náà ti wá nìyẹn, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ti lo ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́nu léèsì, síbẹ̀ nínú òrùka mẹ́ta tó bá ṣe, ọ̀kan á há. Àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin wá kú, ó fi ọmọ kan sílẹ̀. Bàbá ọmọ náà ń wa tírélà, kì í gbélé, ni wọ́n bá mú ọmọ wá sọ́dọ̀ wọn. Báàgì kan ló gbé wá, pẹ̀lú ẹ̀rín tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ di Ẹlẹ́rìn-ín nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ike òwú lé e lọ́wọ́, òrùka rẹ̀ fà kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó tú fáànù onífáànù kalẹ̀ tó ń tún un ṣe, ní àfàìmọ̀ ni wọn ò bí ọmọ yìí tòun ti ike lọ́wọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín lásán ni.

Ká sòótọ́, léèsì kọ́ ló dùn ún jù. "Àǹtí" ni Ẹlẹ́rìn-ín ń pe ìyá rẹ̀ nígbà tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń mu tíì, ó ṣíjú, ó ní, "Màámi, ṣé kí n fi ṣúgà sí tiyín?" Ìyá náà ní kó fi díẹ̀ sí i, ó sì ń bá búrẹ́dì rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní òun ti yó. Màámi ta ni? Láti ọjọ́ náà ló ti ń rántí pé bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ní àbúrò obìnrin kan ní ìlú mìíràn, tó ti ní òun lè gba ọmọ náà sọ́dọ̀. Kí ló dé tí kò lọ síbẹ̀? Ìbéèrè yìí ló ń bá a jí, òun ló ń bá a lọ sí iléèwé.

Ní àsìkò yìí ni obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọ ọwọ́ ní òpópónà ńlá wá. Màdáámù Ọlọ́mọwẹ́wẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó fẹ́ ìrọ̀rí tó pọ̀, kí ọkàn léèsì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ní tí wọ́n bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun ò ní wá ẹlòmíràn mọ́. Inú ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dùn débi pé ó ń kọrin nídìí ìkòkò. Ó pín iṣẹ́ náà: òun á rán ìrọ̀rí, Ẹlẹ́rìn-ín á ṣe ọkàn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ á sì máa tọ́jú ìrù òwú.

Ìrù òwú yìí, gbogbo ọkàn tó bá parí ló máa ń ní in, méjì, tó ń jù nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á so ó, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fà á gba inú àwọn kókó kọjá, ní àlọ àti àbọ̀, kí wọ́n tó gé e. Iṣẹ́ tó ń fa ojú ni, ẹni tó bá ṣe é dáadáa kì í rí ìyìn gbà, torí pé ohun tó ṣe ò hàn sí ẹnikẹ́ni. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbà pé wọ́n fi àbùkù kan òun ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń ṣe ohun tí ayé á máa yìn, òun ọmọ onílé ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ jáde lọ ra òwú tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí, Ẹlẹ́rìn-ín sì wà ní ilé ìwẹ̀ tó ń kọrin. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ọkàn léèsì tó kún inú agbọ̀n. Ó mú ọ̀kan. Ó dára, ó dára débi pé ó fẹ́ sunkún: òrùka ò tóbi jura wọn lọ, etí léèsì tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó wo abẹ́rẹ́, ó wo sísọ́ọ̀sì. Tí ọkàn yìí bá tú, ta ni wọ́n máa bi? Ṣebí ẹni tó ṣe é ni. Ó so ìrù òwú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò fi abẹ́rẹ́ fà á, ó gé e mọ́ ìdí. Ó gbé e síwájú, ó wò ó. Kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe dáadáa. Ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn. Nígbà tí orin dákẹ́ ní ilé ìwẹ̀, agbọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ìyá rẹ̀ dé, ó rí i pé iṣẹ́ ti yá, ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó ní ó káre. Kò yẹ ẹyọ kan wò nínú wọn. Ó jókòó, ó ń rán wọn mọ́ ìrọ̀rí. Ọ̀rọ̀ ìyìn yẹn gún Pẹ́lẹ́ńgẹ́ díẹ̀, ó fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín wọlé, ó ní, "Màámi, ẹ káàbọ̀," ó gba ẹrù lọ́wọ́ ìyá náà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ mì.

Kò pẹ́ tí wọ́n kó iṣẹ́ náà fún Màdáámù tó fi padà wá, ní àárọ̀ Sátidé tí gbogbo wọn wà nílé. Ó gbé àpò ọ̀rá kan dání, kò jókòó. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní òun kì í ta aṣọ ọmọ ọwọ́ láìkọ́kọ́ fọ̀ ọ́, àti pé omi àkọ́kọ́ tí àwọn ìrọ̀rí náà rí nìyí. Gbogbo ọkàn ti là nísàlẹ̀, òwú ń yọ jáde lára wọn bí irun àgbàdo.

"Tí ọmọ bá fi ìka kọ́ òwú yìí ńkọ́?" ni Màdáámù bi wọ́n. "Tó bá lọ́ mọ́ ọn níka lóru, tí ìyá rẹ̀ ò mọ̀? Ta ló ṣe àwọn ọkàn yìí?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò ronú kan ìka ọmọ kankan. Kó tó mọ ibi tó máa fojú sí, Ẹlẹ́rìn-ín ti dìde.

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí màámi. Ọwọ́ mi ni kò le tó."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ pátápátá. Láti ọjọ́ tó ti dé, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò rí ojú rẹ̀ láìsí ẹ̀rín rí, kò sì mọ̀ pé ojú náà kéré tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ mú ọkàn kan, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀. Ó wá sọ fún Màdáámù pé òun lòun ni iṣẹ́, òun lòun jẹ̀bi, òun á sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Màdáámù ní òun á gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí, àmọ́ ẹni tó ṣe àwọn ọkàn wọ̀nyẹn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọjà òun mọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín fi ike rẹ̀ sínú agbọ̀n, kò mú un mọ́ ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde lọ kó aṣọ lórí okùn, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ń fi fóònù bá àbúrò bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ wá mú mi. Rárá, mà, wọn ò lé mi. Wọn ò tiẹ̀ bú mi. Èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ màámi lọ́wọ́. Tí mo bá dúró, màá tún bà á jẹ́ ni."

Ohun tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí ti dé, ẹnu Ẹlẹ́rìn-ín ló sì ti jáde. Ó yẹ kó fò sókè. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dúró sídìí okùn, ó gbá aṣọ mọ́ra. Ìríra ara rẹ̀ mú un. Ó wọlé, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe ọkàn léèsì ní òun nìkan, ó jókòó tì í, ó mú ike. Òrùka tó kọ́kọ́ ṣe há.

"O mọ ìdí tí mo fi gbé ìrù òwú fún ọ?" ni ìyá rẹ̀ bi í, kò gbójú sókè.

Ó ní bóyá nítorí pé òun ò mọ ọkàn ṣe.

"Ọkàn ṣíṣe, ẹni tó bá ti ní sùúrù, mo lè kọ́ ọ. Èyí tí oníbàárà ò lè rí ló ṣòro láti gbé fún ènìyàn. Èmi nìkan ni mo máa ń ṣe é. Nígbà tí o dàgbà, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo ti ní ẹni tí mi ò ní máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lẹ́yìn." Ó gé òwú. "Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹkún ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. Ó ní òun ni. Ó ní òun jowú, pé òun ò fẹ́ gbọ́ "màámi" lẹ́nu ẹlòmíràn, pé òun fẹ́ kí Ẹlẹ́rìn-ín lọ, àti pé ó ti ń lọ báyìí. Ìyá rẹ̀ ò mọ̀ nípa ìpè náà. Ó fọwọ́ bo ojú fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ti ń dúró láti àná kí ọmọ òun wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, òun ò mọ̀ pé ọmọ kejì ló ń jìyà rẹ̀. Ó ní kó dìde, kó lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín.

Ẹlẹ́rìn-ín ń ká aṣọ sínú báàgì. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìbu iyọ̀ sí i. Ẹlẹ́rìn-ín gbọ́ ọ tán, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Nígbà náà, ọwọ́ mi ò burú?"

"Kò burú. Ọwọ́ rẹ dára ju tèmi lọ."

"Láti àná ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ohun tí mo bá fọwọ́ kàn ló ń bàjẹ́," ni ó wí. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó sunkún bí ẹni tó ti ń gbé e pamọ́ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn iléèwé, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú àwọn oníbàárà. Màdáámù ní kí ọmọ tó ń ṣe ọkàn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ti ẹni tó ń parí rẹ̀, òun ò fẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lára ọjà òun mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín pe àbúrò bàbá rẹ̀, ó ní kó má tíì wá, òun fẹ́ kọ́kọ́ parí táàmù yìí ná.

Ó tún mú ike rẹ̀. Ọjọ́ tó parí ọkàn àkọ́kọ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ na ọwọ́ láti gbà á, bó ṣe máa ń ṣe. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fa ọkàn náà mọ́ra, ó mú abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ látinú agbọ̀n.

"Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n mi. Màá ṣe é fúnra mi."

Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ egungun. Ó dá ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fa ìrọ̀rí kan mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki òwú sínú rẹ̀. Ìlara ti sọ fún un pé ẹnìkan wá gba ààyè rẹ̀ lọ́kàn ìyá rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú rẹ̀ mọ́ ìdí, ó sì ti wá mọ̀ báyìí pé yóò pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tó tún gbé iṣẹ́ fún un láìyẹ̀ ẹ́ wò.