Ikọ́ Tí Mo Yá Lọ́wọ́ Màmá

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo pẹ́ dé láti ṣọ́ọ̀bù, mo bá àbúrò mi, Kékeré, níbi tó ti ń fọ abọ́ tó fi jẹun. Mo bi í pé ta ló rọ̀ ọ́ tó fi jẹun. Ó ní kò sẹ́ni tó rọ òun. Òun gbọ́ ikọ́ Màmá ni.

Màmá wa ti kú. Èmi ni mo máa ń hú ikọ́ yẹn fún un, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni.

Láti kékeré ni mo ti máa ń sín èèyàn jẹ. Tíṣà mi ni mo kọ́kọ́ sín jẹ, bóyá ìdí nìyẹn tí èmi àti ilé ìwé fi tètè kí ara wa pé ó dàbọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ báyìí, mo máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn pákó, màá fi ohùn ọ̀gá mi pe ìyàwó rẹ̀ pé kó bu omi wá. Tó bá gbé e dé, ọkọ rẹ̀ á ní òun ò pe ẹnikẹ́ni. Èmi á gba omi náà mu, kó má bàa ṣòfò.

Àmọ́ mi ò fi ikọ́ Màmá ṣeré rí nígbà tí wọ́n wà láyé. Ikọ́ fée ló ń bá wọn fínra láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Aṣọ oníaṣọ ni wọ́n ń lọ̀ fi tọ́ wa, lórí ìjókòó. Wọ́n á lọ apá ṣẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n á gbé áyọ́ọ̀nù náró, wọ́n á wá èémí kiri, kí wọ́n tó mú apá kejì. Tá a bá ní kí wọ́n lọ sùn, wọ́n á ní ṣé oorun làwọn oníaṣọ fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni.

Nílé tiwa, ìdákẹ́ ló ń dẹ́rù bani. Bá a bá ti ń gbọ́ ikọ́ látinú yàrá, a mọ̀ pé Màmá ṣì wà.

Nígbà tí wọ́n lọ, Kékeré kò jẹun mọ́. Bàbá wa ń wakọ̀ ọ̀nà jíjìn, wọn kì í sábà sí nílé. Oúnjẹ ń sùn sínú abọ́, egungun àyà ọmọ ń yọ. Ni mo bá wọ yàrá Màmá, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo hú ikọ́ náà: méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn, èémí tó ń súfèé sì tẹ̀ lé e. Kí n tó jáde, Kékeré ti ń jẹun.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe lójoojúmọ́. Kò pẹ́, ikọ́ náà kò dúró de kí n pè é mọ́. Ó ń bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá mi ní eruku pákó ni, àmọ́ eruku kì í húkọ́ bí ìyá ẹni. Ó rẹ̀ mí dé egungun. Ohun tó jẹ́ kí n pẹ́ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Mò ń jókòó sinmi lójú ọ̀nà bí arúgbó.

Kékeré gbé abọ́ kalẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Bọ̀dá, Màmá ní kí ẹ má hú u mọ́. Wọ́n ní ti àwọn ni.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ti jí iṣẹ́ mi kọ́. Ẹ̀rín náà jáde geerege, kò sí ikọ́ nínú rẹ̀. Mo mí sínú. Afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀ ikùn mi.

Ikọ́ wá dún nínú yàrá. Méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Èmi àti Kékeré ń wo ẹnu ara wa. Méjèèjì pa dé.

Mo sún mọ́ ilẹ̀kùn, mi ò lè ṣí i. Òórùn aṣọ tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná ń jáde. Ìgbà yẹn ló yé mi pé àìsàn tí ikú ti gbà lọ́wọ́ Màmá, èmi ni mo tún fà á wọlé.

Mo ní, “Màmá, ẹ dá a padà fún mi. Ẹ lọ sinmi.”

Èémí súfèé lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n dáhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ kejì gbọ́.

“Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi. Èmi ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e.”

Mo fẹ́ tún bẹ̀ wọ́n. Mo la ẹnu, àmọ́ èémí ni mo mí. Ó pọ̀, ó dùn, mi ò sì lè dá a dúró.