Ọjọ́ Tí Káfíńtà Gé Kọ́bọ́ọ̀dù Rẹ̀

"Ìyá, ẹ tún sún mọ́ ọn díẹ̀," ni ìyàwó Káfíńtà wí.

Ìyá Àgbà tún fa àga rẹ̀ síwájú. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì. Ó dijú, ó lajú, ó gbé orí sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì.

"Mo rí nǹkan funfun," ó wí. "Ó dà bí ìrẹsì tí wọ́n dà sórí àtẹ. Èwo ni ọmọ mi nínú wọn?"

Ìyàwó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Àkọ́bí òun àti Káfíńtà ni ìyá ń wá kiri. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọmọ náà yóò búra iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú òkèèrè, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ìdílé wọn tó ti gba irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà kò gba ìrìn àjò mọ́, ìyá kò sì ṣe é fi sílẹ̀ ní òun nìkan. Ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn yóò fi ayẹyẹ náà hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣí kọ̀ǹpútà. Wọn kò ro ti ojú ìyá, tó ti ń ṣe bàìbàì.

"Baba Nọ́ọ̀sì," ni ìyàwó pe ọkọ rẹ̀, "ẹ jẹ́ ká so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Tíṣà ní wáyà kan ṣoṣo ni, òun sì ń mú un bọ̀."

Tíṣà ni àbúrò Káfíńtà lóbìnrin, tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́.

Káfíńtà wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí òun fúnra rẹ̀ kàn, pákó dídán tó bo ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Ó ṣe é débi pé abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín tẹlifíṣọ̀n àti pákó kọjá. Wáyà kankan kò hàn níbẹ̀. Àwọn oníbàárà tó bá wá wò ó máa ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

"Níbo ni wáyà yẹn máa gbà wọ̀ ọ́?"

"Tíṣà ní ẹ̀yìn ni."

"Ẹ̀yìn wo? Mo ti fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, mo tún kan ìṣó mọ́ ọn. Kọ́bọ́ọ̀dù yìí ò lẹ́yìn."

"Gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá ló lẹ́yìn," ni ìyàwó wí, "àfi èyí tí ẹ̀yin dá."

Káfíńtà mú fóònù rẹ̀, ó ń wá bí èèyàn ṣe lè so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n láìlo wáyà. Nọ́ńbà ẹnì kan ló kọ́kọ́ yọ sí i. Ó pè é, ó ṣàlàyé ayẹyẹ náà fún un.

Ohùn ọkùnrin tó gbé e tutù pẹ̀sẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ ayọ̀, Dádì. Ẹ̀yin ò nílò wáyà rárá. Láti ibi tí mo wà ni n ó ti bá yín ṣe é. Nǹkan kékeré kan ni ẹ máa gbé sínú kọ̀ǹpútà yín. Nọ́ńbà kan máa yọ, ẹ kàn kà á fún mi."

Káfíńtà ṣe bí ó ti wí. Nọ́ńbà náà yọ.

"Mẹ́rin," ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Méje. Òdo..."

"Bùọ̀dá mi, ta ni ẹ ń kà á fún?"

Tíṣà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, wáyà dúdú kan ká mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́.

"Onímọ̀ kan ni. Ó fẹ́ bá wa so tẹlifíṣọ̀n."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i."

"Ẹ dá kíkà yẹn dúró ná, ẹ jọ̀ọ́."

Ohùn inú fóònù yí padà. "Dádì, ẹ parí nọ́ńbà yẹn o. Tí ẹ bá gé fóònù yìí, kọ̀ǹpútà yín máa bàjẹ́."

Tíṣà tẹ́wọ́ gba fóònù náà. "Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́ sí wa lọ́wọ́, ọ̀gá," ó wí, ó sì pa á.

Ó yọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé sínú kọ̀ǹpútà kúrò kí ó tó kí ẹnikẹ́ni.

"Bùọ̀dá, kọ́kọ́rọ́ ilé ni nọ́ńbà yẹn. Ká ní ẹ kà á tán, ọkùnrin yẹn á máa rìn nínú kọ̀ǹpútà yín bí ẹni wà níbí, ẹ ó sì jókòó tì í, ẹ ó máa wò ó. Ṣebí inú ẹ̀ lẹ ti ń bá báńkì ṣe?"

"Inú ẹ̀ ni. Owó pákó àwọn oníbàárà wà níbẹ̀."

"Ẹ ò wá rí i? Ẹni tó jókòó sílé ẹ̀ ò lè bá yín ki wáyà bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n."

"Mo gbọ́ pé èyí tí kì í lo wáyà wà."

"Ó wà, fún tẹlifíṣọ̀n tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀. Tiyín ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́," ni ìyàwó pè é, nítorí kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, "ọ̀rọ̀ ò sí lọ́wọ́ wáyà. Ẹ̀gbọ́n yín ti kan ẹ̀yìn ẹ̀ pa."

Tíṣà fi ìka wá etí pákó náà yí ká. Kò rí ibi tí èékánná yóò gbà. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti ń kí àwọn àlejò. Ìbúra ló kàn.

"Fi sílẹ̀, ọkọ mi," ni Ìyá Àgbà wí fún ọmọ rẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyẹn, ó sì rẹwà. N ó máa gbọ́ ohùn wọn. Ìyẹn náà tó."

"Kò tó, Màámi."

Ọdún tí iná jó ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà, tó jẹ́ pé ayùn kan ló kù, ìyá yìí ló gba ọmọ náà sọ́dọ̀. Aṣọ ìbùsùn ilé ìtura kan ló ń fọ̀. Ọṣẹ jẹ awọ ìka rẹ̀ débi pé kò lè di ṣíbí mú àfi bó bá fi àkísà wé e. Nígbà òjò, tí aṣọ kì í gbẹ níta, inú yàrá ló ń sá wọn sí, òun àti ọmọ náà á sì sùn sábẹ́ aṣọ tó ń kán omi. Ibẹ̀ ni owó ilé ẹ̀kọ́ ti ń jáde. Káfíńtà kò gbàgbé ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Ó jáde, ó gbé ayùn wọlé.

"Ẹ lọ pa iná níbi míta ná," ni Tíṣà wí. "A kì í fi irin bọ ẹ̀yìn nǹkan tí iná wà lára ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní bátìrì tiẹ̀."

Káfíńtà pa iná, ó sì gé ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ìyẹ̀fun pákó dà sórí ilẹ̀ tí ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Bí pákó ṣe ṣí, ooru jáde, ó lù wọ́n lójú.

Tíṣà fọwọ́ kan ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. "Ó gbóná bí ìdérí ìkòkò. Bùọ̀dá, ẹ ò fi ibi tó máa ti mí sílẹ̀. Iná lè tibẹ̀ ṣẹ́yọ."

Ẹni tí iná ti jó rí kì í bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jiyàn. Káfíńtà gé ihò náà kó tóbi sí i.

Tíṣà ki orí wáyà kan sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó ki èkejì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. HDMI, orúkọ irú wáyà náà, ni wọ́n kọ sí ojú ihò méjèèjì. Wọ́n dá iná padà. Tẹlifíṣọ̀n tàn, ó ṣókùnkùn, ó ní òun kò rí nǹkan kan gbà.

"Mo ti bà á jẹ́," ni Káfíńtà wí.

"Ẹ ò bà á jẹ́. Ojú ọ̀nà mìíràn ló ń wò. Ẹ mú rìmóòtù, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Source sí. Tẹlifíṣọ̀n mìíràn á kọ ọ́ ní Input. Ẹ wá yan orúkọ ihò tí a ki wáyà bọ̀."

Àwòrán òdòdó kan yọ, ó kún ojú tẹlifíṣọ̀n.

"Òdòdó ni wọ́n wá ń búra fún?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Kọ̀ǹpútà rò pé a fún òun ní tábìlì kejì ni." Tíṣà tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ lẹ́tà P, ó sì yan Duplicate, kí ojú méjèèjì lè máa fi nǹkan kan náà hàn.

Gbọ̀ngàn náà wọ inú yàrá. Àwọn ọ̀dọ́ aláṣọ funfun dìde dúró, kámẹ́rà sì ń gba iwájú wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òun nìyẹn," ni Ìyá Àgbà wí. Kò sẹ́ni tó fi hàn án.

Ojú ọmọ náà tóbi ju abọ́ lọ. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń búra.

"Bó ṣe máa ń gbé àgbọ̀n sókè nìyẹn tí ẹ̀rù bá ń bà á. Kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀." Ìyá nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ wo ọrùn aṣọ yẹn. Ó funfun nini. Òun ló fọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀. Mo mọ ọwọ́ mi."

Ayùn ṣì wà lọ́wọ́ Káfíńtà. "Èmi ni mo bí i," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìwọ lo bí i," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Èmi ni mo tọ́ ọmọ náà."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra o," ni ìyàwó wí, omijé ti gba ojú rẹ̀. "Èmi ni mo lóyún ẹ̀."

Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ bá fẹ́ so kọ̀ǹpútà yín mọ́ tẹlifíṣọ̀n, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni, kò ju agbára yín lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì kí ẹ tó ra wáyà, kí ẹ lè ra èyí tó bá ihò wọn mu. Bí ẹ bá máa gé nǹkan tàbí kan nǹkan nítòsí wọn, ẹ kọ́kọ́ pa iná. Ẹ má ká tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú pákó tàbí aṣọ. Ẹ fi àyè tí ọwọ́ àti afẹ́fẹ́ lè gbà sílẹ̀. Káfíńtà náà kì í kan kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn mọ́. Kí àwọn ará ilé tó pé jọ, ẹ pa gbogbo ìwé báńkì àti ọ̀rọ̀ àṣírí tó wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà dé, nítorí ohun tí kọ̀ǹpútà bá fi hàn ni tẹlifíṣọ̀n yóò fi hàn.

Bí ó bá sú yín, ẹ pe ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀. Ẹ má gbé ohun tí àjèjì orí fóònù ní kí ẹ gbé sínú kọ̀ǹpútà, ẹ má sì ka nọ́ńbà fún un. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì kà á, ẹ gé íńtánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe báńkì yín lórí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ kò gbọdọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ilé yín, ì báà jẹ́ ọjọ́ ayọ̀.