Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Herbert Fi Ọrùn Tó Yẹ̀ Rìn

Ọ̀rẹ́ mi tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ Herbert ará Kémta ná.

Herbert kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Láàárọ̀, á bá rélùwéè lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Bó bá padà dé nírọ̀lẹ́, ilé ọtí ló ń kọ́kọ́ yà. Olúṣẹ́gun, tí wọ́n jọ ń wọkọ̀, a máa bá a sọ̀rọ̀ Jésù. Herbert á rẹ́rìn-ín, á ní òun ò tíì darúgbó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Títílọlá ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jáwọ́ nínú ọtí. Herbert gbá a létí, ó sì fìbínú jáde. Àdúgbò Adígbẹ ló ti lọ mu àmuyíràá. Ọ̀kadà tó ń gbé e bọ̀ kó sí kòtò, Herbert sì forí gúnlẹ̀.

Ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn eruku nù. Ọrùn ń dùn ún, ó ní ó kàn rọ́ ni. Kò lè wẹ̀yìn, kò rí oorun sùn, síbẹ̀ ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó gba ọ̀dọ̀ Sàlàhúdíìnì onígbàjámọ̀ lọ. Bí ìyẹn bá fárí rẹ̀ tán, á máa bá a yí ọrùn títí yóò fi dún, ìyẹn sì máa ń tu Herbert lára. Ó ní kó fà á dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Sàlàhúdíìnì fọwọ́ tọ́ ẹ̀yìn ọrùn náà, ó sì yára fà sẹ́yìn.

“Bọ̀dá, mi ò ní fà á. Eegun kan yọ síta níbí. Ẹ lọ yàwòrán ẹ̀ lọ́sibítù.”

Herbert bú u, ó pè é ní ojo. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sì mọ̀. Ọwọ́ náà ti kú tipiri. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ní ọsibítù, dókítà wo àwòrán, ó tún wo ọkùnrin tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ẹnu yà á. Eegun ọrùn ti yẹ̀, ọ̀kan ti gun èkejì. Ó ní ẹni tírú èyí ṣe tó ṣì ń rìn kò wọ́pọ̀, àti pé ká ní ẹnikẹ́ni fa ọrùn náà ni, bóyá ìbá ti kú.

Wọ́n so ohun wíwúwo mọ́ ọn lórí láti fa eegun náà padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ mira. Herbert tí kì í jókòó! Kò sí ọtí, kò sí ibi tó lè sá lọ. Títílọlá ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, kò sì lè yíjú kúrò lára ẹni tó gbá létí. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

Nígbà tí Olúṣẹ́gun wá kí i, kò tíì jókòó tí Herbert fi sọ pé, “Ṣẹ́gun, ká ní mo kú ní Sátidé yẹn, ibo ni mo máa wà báyìí?”

Olúṣẹ́gun sọ fún un pé Jésù kú fún ọ̀mùtí, ó kú fún ẹni tó ń lu ìyàwó, kó ké pè é. Herbert kò lè kúnlẹ̀, kò lè tẹrí ba. Omijé ń ṣàn wọ etí rẹ̀ bó ṣe ń wí pé, “Olúwa, mo ti ṣẹ̀ ọ́, mo ti ṣẹ Títílọlá. Gbà mí.”

Ó bẹ ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kọ́kọ́ nu etí rẹ̀ gbẹ, ó wá ní òun ti gbọ́.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, eegun wọlé, ara rẹ̀ sì yá. Kò fẹnu kan ọtí mọ́.

Ìwọ ńkọ́? O ń rìn, o ń jẹun, o ń lọ síbi iṣẹ́, o wá rò pé kò sóhun tó ṣe ọ́. Herbert náà rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀ṣẹ̀ ti mú ọkàn rẹ yẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, o kò sì lè fà á padà fúnra rẹ. Jésù lè ṣe é. Má sọ pé ó di ọ̀la, nítorí o kò mọ bí ikú ṣe sún mọ́ ọ tó. Níbi tóo wà yìí, kóo tó ká ìwé yìí, ké pè é.