Òkúta Tí Iná Ń Gba Ojú Rẹ̀ Kọjá

Lọ́jọ́ tí Kilian kọ́kọ́ rí Gesine, ojú rẹ̀ nìkan ló rí. Aṣọ funfun bò ó látorí dẹ́sẹ̀ nínú yàrá tí eruku kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ní Würzburg nílẹ̀ Jámánì, ṣùgbọ́n ojú náà ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn Kilian lọ síbẹ̀, kò sì padà mọ́.

Gesine Harms ló ń ṣe òkúta pẹlẹbẹ kan tí iná mànàmáná kì í gba inú rẹ̀ kọjá, àfi ojú rẹ̀. Kilian, ọ̀gá tó ń wọn iná náà, fẹ́ máa darí rẹ̀: kó ní kó sáré, kó ní kó dúró. Iná kọ̀. Bí kò bá sì gbọ́ràn kí ọdún tó parí, iṣẹ́ Gesine níbẹ̀ tán nìyẹn, iṣẹ́ mìíràn sì ń dúró dè é ní Japan.

"Òkúta yín yìí mà lágídí, Omidan Harms."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń kanra mọ́ ọn, Dókítà. Ẹ rọra bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ" níhìn-ín, "ẹ" lọ́hùn-ún, títí òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀. Gesine fi ọdún méjì ju Kilian lọ, ìyá Kilian sì ti kọ́ ọ pé àgbà ló ń yọ̀ǹda "o". Gesine náà ń retí kí ọ̀gá yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gesine gbà pé ọkùnrin yìí kò fẹ́ràn òun, ó dùn ún wọra, ó sì gba iṣẹ́ Japan.

Ìgbà yẹn ló wá fi ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo òkúta tuntun kan, kí afẹ́fẹ́ má bàa ba ojú rẹ̀ jẹ́. Kilian yí bọ́tìnì, iná sáré. Ó yí i padà, iná dúró.

"Ẹ kú oríire, Omidan Harms."

Omi lé ròrò sójú Gesine. "Ṣé gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní í sọ nìyẹn?"

Nírọ̀lẹ́, wọ́n lọ mu wáìnì lórí afárá bí gbogbo ará ìlú. Odò Main ń ṣàn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ nísàlẹ̀.

"Mo ti gba iṣẹ́ Japan," Gesine sọ.

Kilian kọjú sí i. "Látọjọ́ yìí ni mo ti ń dúró kẹ́ ẹ ní kí n máa fi 'o' bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ṣáà lẹ jù mí lọ."

"Èmi? Ẹ̀yin ṣáà lọ̀gá."

Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì gba ẹnu wọn.

"Àgbà ti yọ̀ǹda," obìnrin náà sọ. "Gesine lorúkọ mi."

Kilian gbé ife sílẹ̀. "Gesine, òkúta ti gbọ́ràn, iṣẹ́ rẹ ò tán mọ́. Má lọ. Ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Tún un sọ."

"Ṣé o máa fẹ́ mi?"

"'O' yẹn ni mo fẹ́ gbọ́," Gesine sọ, ó sì dì mọ́ ọn. "Màá fẹ́ ẹ. Mi ò lọ Japan mọ́."