Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ìsinmi

"Ọjọ́ méje ni nọ́ọ̀sì wí," ni ìyá sọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. "Akọ̀wé, ìwọ lo mọ̀wé nínú wa. Bá wa wá etíkun tó dákẹ́, kí n lọ sinmi."

Akọ̀wé ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé, torí kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ló ti ń bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá ti wú, síbẹ̀ kò mọ ìsinmi. Bí ìyá bá ń jẹun, ẹsẹ̀ ń tẹ ilẹ̀. Bó bá sùn, ẹsẹ̀ ń tẹ bẹ́ẹ̀dì, ó ń rán aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò gbé wá. Nọ́ọ̀sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí kò bá sinmi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní lè tẹ ẹ̀rọ mọ́. Iṣẹ́ aṣọ ilé-ìwé sì ti ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan yìí nìkan ni ìyá rí yọ.

Akọ̀wé pe ìyá àgbà kan tó ń gba àlejò sílé létí òkun, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Alágbọn.

"Ilé mi ò ní àtẹ̀gùn kankan," ni ìyá àgbà wí lórí fóònù. "Ariwo ibẹ̀ ò ju ti omi lọ, àfi bí àgbọn bá já bọ́."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, yọjú wo ìwé rẹ̀ ní kíláàsì. "Hòtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta létíkun ni gbogbo wa ń lọ nígbà ìsinmi, níbi tí wọ́n ti ń jó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìwọ fẹ́ lọ bá arúgbó ka àgbọn?"

"Ibi tó dákẹ́ ni màmá mi ń fẹ́."

"Sọ fún wọn pé ó dákẹ́. Ṣé wọ́n débẹ̀ rí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Akọ̀wé létí, kò sì jáde mọ́. Nírọ̀lẹ́, ó fa ojú ìwé Ìyá Alágbọn ya, ó sì kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì sí òmíràn.

"Ó dákẹ́ rọ́rọ́, Màmá."

Ìyá gbàdúrà fún un. Àdúrà náà gún un bí abẹ́rẹ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Akọ̀wé ò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì ni òtítọ́ ti jókòó dè é. Òkè pátápátá ni yàrá wọn wà. Orin ń mi ògiri. Ẹsẹ̀ ìyá gbọ́ orin náà, ó sì ń tẹ̀ lé e, ó ń yára ju bó ṣe ń ṣe nílé lọ. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́.

"Kò burú, ọmọ mi," ni ìyá wí. "O gbìyànjú."

Ká ní ó bá a wí ni, ì bá sàn. Akọ̀wé kúnlẹ̀. "Màmá, mo purọ́ fún yín. Mo mọ ibi tó dákẹ́. Nítorí àwọn ọ̀rẹ́ mi ni."

Ìyá fà á dìde. "Rírán tó bá wọ́," ló wá wí, "a kì í lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Títú là ń tú u. Ṣé o ṣì ní nọ́ńbà ìyá yẹn?"

"Ìwé ni mo ya, Màmá. Mo ti há nọ́ńbà náà sórí."

Ó pe Ìyá Alágbọn, yàrá ṣì ṣófo. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ru ẹrù sọ̀ kalẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Alábàárù, èló lo ń gbà?"

"Ti màmá mi ni mo ń rù," ni Akọ̀wé dáhùn, kò dúró. "Ẹ máa jó."

Lẹ́yìn náà, ó gbé apá ìyá lé èjìká, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nílé Ìyá Alágbọn, Akọ̀wé bá aṣọ oníbàárà mẹ́rin àti abẹ́rẹ́ tí ìyá fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ báàgì. Ó kó wọn fún ìyá àgbà pé kó tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"O ti wá dọ̀gá mi," ni ìyá wí.

"Ọjọ́ márùn-ún péré ni, Màmá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá sùn lọ sórí ẹní lábẹ́ igi àgbọn. Akọ̀wé ń wo ẹsẹ̀ náà. Ó tẹ iyanrìn lẹ́ẹ̀kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wá dúró jẹ́ẹ́.

Akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹni tó bá fọkàn tán ni, a kì í tàn án jẹ nítorí ọ̀rẹ́. Bí a bá sì ti ṣe é, ká jẹ́wọ́, ká tún un ṣe. Lónìí, ẹsẹ̀ màmá mi sùn."