Owó Ojú Ìyá Gbémisọ́lá

Gbémisọ́lá ti gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí ìyá rẹ̀ pariwo ayọ̀ kó sì sáré wá dì mọ́ òun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́. Ìyá jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, ó kọjú sí i gan-an, ó sì béèrè pé, "Ta nìyẹn?"

"Màmá, èmi ni. Èmi Gbémi."

Ìyá dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, títí ó fi kan ọmọ rẹ̀ láyà. Ó fọwọ́ tọ́ iwájú orí rẹ̀, ó tọ́ imú, ó tọ́ àpá kékeré tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà náà ló tó bú sẹ́kún. Gbémisọ́lá náà ń sunkún, àmọ́ ẹkún tirẹ̀ kì í ṣe ti ayọ̀. Ojú ìyá rẹ̀ là sílẹ̀, ó funfun bí omi ògì, kò sì rí nǹkan kan.

"Màmá, ojú yín! Ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ní Àdó ńkọ́?"

"Iṣẹ́ abẹ wo?" Ìyá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀tá wà. "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti tú ọ sílẹ̀? Àbí ńṣe lo sá wá ulé?"

"Ta ló tì mí mọ́lé?"

Ìyá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú gírígírí. "Ládélé ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹni tó bá ti gbé ìlú òyìnbó rí á mọ irú iṣẹ́ tí Ládélé ń ṣe. Ó ti gbé níbẹ̀ rí, ó ti padà sí Ìkẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àkáǹtì rẹ̀ níbẹ̀ ò kú. Gbémisọ́lá, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Leeds, á san pọ́n-ùn sínú àkáǹtì yẹn. Ládélé á sì gbé náírà lọ fún ìyá rẹ̀ nílé, lọ́wọ́ sí ọwọ́, nítorí Ìyá kì í lọ sí báǹkì. Pọ́n-ùn náà kì í sọdá òkun rárá: Ládélé á fi san owó fún ẹni tó bá nílò pọ́n-ùn níbẹ̀, á sì gba náírà lọ́wọ́ onítọ̀hún nílé. Báǹkì ń fi nǹkan falẹ̀, iye tí wọ́n sì ń ṣẹ́ pọ́n-ùn sí náírà kéré sí ti Ládélé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ ẹni ni. Ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni òun àti Gbémi jọ wà kí kálukú tó tú ká. Ta ni ò mọ ilé àwọn Ládélé ní àdúgbò Ùró? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, àmọ́ ta ló ń rántí òwe nígbà tó bá ń fi owó ránṣẹ́ sílé?

Rìsíìtì kan ṣoṣo tó wà nínú gbogbo rẹ̀ ni àdúrà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í fún ìyá rẹ̀ lówó kó tún máa bi í pé ṣé ó rí i gbà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi oore bú ìyá rẹ̀. Gbémisọ́lá á pè lọ́jọ́ Ìsinmi, á kí ìyá rẹ̀, á dákẹ́, á sì máa gbọ́. Bí àdúrà bá ti ń tú jáde, pé Ọlọ́run á dá a sí, pé ọwọ́ ọ̀tá ò ní tó o, òun náà á máa ṣe àmín, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé owó ti dé. Á tún wá pe Ládélé, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò mọ ohun tó mú kí àdúrà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ládélé ti lọ bá Ìyá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bọ́ fìlà, ó ní ìwé tí Gbémi fi ń gbé ìlú òyìnbó ti dàrú, pé ìjọba ti gba àkáǹtì rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ́tí sí fóònù rẹ̀. Ó ní tí Gbémi bá fi lè gbọ́ pé ara Ìyá ò yá, á wá owó wá lọ́nàkọnà, ọjọ́ tó bá sì fi owó ránṣẹ́ sílé ni wọ́n á tì í mọ́lé. "Torí náà, Màmá, tó bá béèrè ojú, ẹ ní ojú ti dá." Dókítà ní Àdó ti sọ pé tí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ìwọ̀nba ìríran tó kù á dúró, Gbémi sì ti san owó iṣẹ́ abẹ náà fún Ládélé. Ìyá ò padà sọ́dọ̀ dókítà mọ́, ó jókòó sílé. Bí ọmọ bá ti pè, á ní, "Ojú ti dá, ọmọ mi, Ọlọ́run ti ṣe é," inú òkùnkùn tó ń ṣú bò ó ló sì ti ń sọ ọ́.

"Màmá, ẹnikẹ́ni ò tì mí mọ́lé rí," ni Gbémisọ́lá wí. "Irọ́ ló pa fún yín. Gbogbo oṣù ni mo ń fi owó ránṣẹ́."

Ìyá mi orí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ohun tí wàá sọ náà nìyẹn. Ṣebí èmi náà sọ fún ọ pé ojú mi ti dá."

Kò sí ìbúra tí Gbémisọ́lá ò búra tán. Ìyá kàn ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn ni, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ ùyà tó jẹ fún òun, pé òun ò ní sunkún. Ibẹ̀ ni ọkàn ọmọ ti bàjẹ́ jù. Owó ti lọ, ojú ti lọ, ìyá rẹ̀ sì tún ń ṣọ̀fọ̀ ìyà tí ẹnikẹ́ni ò jẹ. Ẹnu tó so irọ́ náà nìkan ló lè tú u.

"Ibo ni Ládélé wà?"

"Á máa bọ̀ nísinsìnyí," ni Ìyá wí tayọ̀tayọ̀. "Nígbà tí o ń bọ́jú ni mo pè é, mo ní ọmọ mi ti dé o, kó wá bá wa jẹ uyán. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè sọ̀rọ̀."

Gbémisọ́lá ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó sáré jáde, ó dá ọ̀kadà dúró, ó di àgọ́ ọlọ́pàá.

Bámgbóyè ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá kúkúrú kan, ọmọ Ìsẹ̀, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó gba fóònù rẹ̀, ó wo àwọn àwòrán tí Ládélé ti fi ránṣẹ́ sí i. Ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin kan lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi báńdéèjì wé ojú rẹ̀ dé imú.

"Ṣé Ìyá nìyí?"

Gbémisọ́lá wò ó. Ọjọ́ tí àwòrán náà dé, ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ní Leeds, ó dúpẹ́ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ní báyìí ó wá wo ọwọ́ obìnrin náà. Ọwọ́ ẹni tí kò roko rí ni.

"Kì í ṣe òun."

Nílé Ládélé, Bísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

"Ọkọ yín dà?"

"Ó lọ sí Àdó."

"Ibo ní Àdó?"

"Kò sọ fún mi."

Bámgbóyè wo orí tábìlì. Iṣu sísè wà nínú àwo, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀, wọ́n ti gé ẹyọ kan jẹ dé àárín. "Madam, ẹ má jẹ́ kí n kó yín lọ dípò rẹ̀."

Bísọ́lá wo Gbémisọ́lá. Wọ́n jọ kọrin rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Emùré. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́."

Wọ́n dé Emùré, wọ́n bá ilé alájà méjì tí wọn ò tíì rẹ́, mọ́tò Ládélé sì wà níwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì gbóná. Bíríkìlà kan nàka sí ojú wíńdò ẹ̀yìn: ibẹ̀ ló gbà bọ́ sílẹ̀, ó sì ti gun ọ̀kadà lọ sọ́nà Ìsẹ̀. Wọ́n dé ilé àna rẹ̀ ní Ìsẹ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn iwájú, ọ̀gbẹ́ni gba ẹ̀yìnkùlé bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ni wọ́n bá lẹ́bàá odi.

"Á ti dé Kùtọnù kí ilẹ̀ tó mọ́," ni Gbémisọ́lá wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá kì í sá fún owó," ni Bámgbóyè dá a lóhùn. "Ta ló tún ń lo Ládélé tí kò tíì mọ̀ pé aṣírí ti tú?"

Gbémisọ́lá pe Yínká, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Bristol nílùú òyìnbó, tí òun náà ń gba ọwọ́ Ládélé fi owó ránṣẹ́. Nígbà tí Yínká gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú Ìyá, ó ní, "Kí ni kí n sọ fún un?" Òun náà ló fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ládélé: ẹ̀gbọ́n òun wà ní Ìsẹ̀, ó ní náírà nílẹ̀, ó fẹ́ kí Ládélé bá a san pọ́n-ùn fún ilé ìwé ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó. Owó gidi ni, kì í ṣe ti báǹkì; Ládélé fúnra rẹ̀ ló máa wá gbà á. Bí Ládélé ṣe ń ṣòwò látẹ̀yìnwá nìyẹn. Wọn ò tíì mu omi tán tí èsì fi dé: kí ẹ̀gbọ́n náà wá sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń wọn kòkó lójú ọ̀nà Emùré, láàárọ̀ ọ̀la, òun nìkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Bámgbóyè wọ bùbá tó ti ṣá, ó jókòó sórí àpò kòkó, ó gbé báàgì ọ̀rá dúdú lé itan. Gbémisọ́lá wà nínú mọ́tò lẹ́yìn ìsọ̀, ó káwọ́ mọ́ra. Ọ̀kadà kan kọjá, ó tún yí padà wá. Ládélé sọ̀ kalẹ̀, ó fi fìlà bo ojú.

"Ṣé ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n Yínká?"

"Èmi ni."

"Nǹkan náà dà?"

"Pọ́n-ùn ńkọ́?"

Ládélé wo báàgì, ó wo bùbá, ojú rẹ̀ wá bọ́ sí bàtà dúdú olókùn tí Bámgbóyè gbàgbé láti bọ́. Ó yí bìrí, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wọ inú oko kòkó. Ewé gbígbẹ ń ró lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá méjì tó ti fara pamọ́ gbá tẹ̀ lé e. Ó fò láti sọdá ibi tó rò pé odò kékeré ni, ẹrẹ̀ sì gbà á dé orúnkún. Bó ṣe ń fa ọ̀kan yọ ni èkejì ń wọlẹ̀. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú un kọjá lára mọ́tò, ó rí Gbémisọ́lá. "Gbémi, jọ̀ọ́, dárí jì mí." Gbémisọ́lá ti pinnu láti gbá a létí. Ńṣe ló yíjú kúrò.

Ní àgọ́, Bámgbóyè bi í léèrè.

"Owó ojú Ìyá, ibo ló wọlé sí?"

"Mo fi kọ́lé sí Emùré."

"Kí lo wá gbé fún Ìyá?"

"Mo máa ń ra búrẹ́dì lọ. Àti sadíìnì."

"Owó àwọn wo lo tún jẹ?"

Ó dárúkọ ìdílé kan ní Ìsẹ̀, òmíràn ní Emùré, òmíràn tún ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ní ẹ̀yáwó oṣù kan ló kọ́kọ́ pè é, pé òun fẹ́ dá a padà.

"Owó, a gbọ́. Hòtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ á tà á," ni Bámgbóyè wí. "Ojú ńkọ́? Ìgbà wo lo fẹ́ dá ìyẹn padà?"

Ládélé tẹrí ba. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó wá fi ata sẹ́nu, kí ló fẹ́ sọ?

Gbémisọ́lá lọ mú ìyá rẹ̀ wá. Ìyá ò fẹ́ wá. Lójú tirẹ̀, olóore ni wọ́n tì mọ́lé. Wọ́n fi í jókòó. Ó yí etí sí ibi tó ti gbọ́ èémí.

"Ládélé, ṣé wọ́n nà ọ́?"

"Rárá, Màmá." Ó kúnlẹ̀. "Màmá, urọ́ ni mo pa fún yín."

"Urọ́ èwo?"

"Ti Gbémi. Ìwé rẹ̀ ò dàrú. Ó ń fi owó ránṣẹ́. Èmi ni mo ń jẹ ẹ́."

Àwọn ọlọ́pàá ń wo Ìyá, wọ́n ń retí kó ṣépè. Ìyá tẹ̀ síwájú lórí àga.

"O ní ó ń sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀."

"Kò sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, Màmá."

"O ní otútù ń pa á, pé ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń jẹun."

"Urọ́ ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá."

Ìyá pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín ló bẹ̀rẹ̀ sí í rín, ẹ̀rín tó ń mi gbogbo ara rẹ̀, omi sì ń dà lójú tí kò ríran mọ́. "Ẹ ṣé o! Ẹ bá mi dúpẹ́! Ọmọ mi ò jùyà! Ọmọ mi ò jùyà kankan!" Ó ń sọ ọ́ fún Bámgbóyè, ó ń sọ ọ́ fún ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ lè máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ládélé fúnra rẹ̀. Ládélé fi ọwọ́ tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bo ojú, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Gbémisọ́lá kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Má sunkún mọ́," ni Ìyá wí. "Ojú lásán mà ni. Ìwọ ni mo rò pé ó ti sọnù."

Wọ́n mú Ládélé lọ sẹ́yìn. Ìyá ní kí òun àti Gbémi máa lọ sí ulé, pé uṣu wà nílẹ̀.